Ọjọ́ Mẹ́ta Lọ́nà Ọ̀dà

Fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa, omi ló wà nínú ẹ̀,
omi tó rí bí aró, àga funfun létí ẹ̀,
igi àgbọn méjì tó tẹríba bí ìyàwó tuntun.
Owó igba bulọ́ọ̀kù la san nítorí omi yẹn,
igba bulọ́ọ̀kù tó yẹ kó gun ògiri wa ní Ọ̀bà-Ilé,
ilé tí kò kúrò ní ojú fèrèsé láti ọdún kẹta.
Ọkọ mi ní, "Ẹ jẹ́ ká sinmi ilé kíkọ́ díẹ̀."
Mo ní àmín.

Ẹ̀rọ ìpo-kọnkéré ló kọ́kọ́ kí wa káàbọ̀.
Gìrììì, gìrììì,
bí àgbà tó ń fi òkúta wẹ́wẹ́ fọ ọ̀fun.
Nínú kòtò ìlúwẹ̀ẹ́, ọkùnrin mẹ́rin ń lẹ táìlì,
rédíò wọn jókòó síbi tó yẹ kí omi ti mu ọmọ dé àyà.
Obìnrin ẹnu ọ̀nà na kọ́kọ́rọ́ sí wa, ó rẹ́rìn-ín:
"Ẹ má bínú. Ó ku díẹ̀. Ọ̀la ló máa parí."
Ọ̀la!
Èmi àti ọ̀la bíríkìlà ti jọ jẹun nínú àwo kan rí.

Eruku wọ inú ìrẹsì.
Eruku wọ inú Bíbélì ìyá ọkọ mi, ó dúró sínú Jóòbù.
Òkè tí wọ́n ní a ó máa wò láti orí bẹ́ẹ̀dì,
pákó àti ọ̀pá ti dínà ẹ̀;
bàtà rọ́bà òṣìṣẹ́ kan ló ń fì dìrọ̀dìrọ̀ níwájú àpáta.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo na ọwọ́ sí ọkọ mi, ìrọ̀rí ni mo bá.
Ó ti wà lẹ́bàá ògiri tuntun,
ó di ojú kan, ó ń wò ó bóyá ó tọ́.
Ó ti bèèrè iye rọ́ọ̀dù. Ó ti gba nọ́ńbà alátáìlì méjì.
Òkìtì iyanrìn làwọn ọmọ bá lọ;
Tèmídire wọ aṣọ ìwẹ̀ tuntun,
bébà iye owó ṣì ń jò lẹ́yìn ẹ̀,
ó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú iyanrìn, ó ń mí bí ẹja.
Ìyá gbé àga sídìí pákó.
Kí oúnjẹ ọ̀sán tó dé, ó ti mọ lébìrà tó jẹ gbèsè
àti èyí tí ìyàwó rẹ̀ kọ̀ tí kò padà wá.

Alẹ́ lẹ́, jẹnẹrétọ̀ dákẹ́, oorun kò wá.
Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.
Nínú yàrá tí kò tíì nílẹ̀kùn,
Akínbọ̀dé tó ń po sìmẹ́ńtì tẹ́ àpò òfìfo sílẹ̀,
ó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Òkè-Igbó:
"Ẹn-ẹn. Ibi ìsinmi ni bàbá rẹ wà.
Omi pọ̀ níbẹ̀, ó rí bí aró.
Tó bá ti parí, màá mú ẹ wá."
Ó gbójú sókè, ó rí mi.
Mo wo ilẹ̀.
Àwa méjèèjì la mọ iye tí wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà.

Mo ti to ìjà sílẹ̀ fún ọjọ́ tí a ó lọ,
gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ibi tí màá ti nàka.
Nígbà tó tó àkókò, mo kàn dá kọ́kọ́rọ́ padà.
Róbà ìléfòó Tèmídire, tí kò fojú kan omi,
mo ní kí Akínbọ̀dé mú un lọ fọ́mọ ẹ̀.
Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó kù pọ̀mù, ó gbé e kọ́rùn,
ó sì padà sídìí ẹ̀rọ.

A délé. Mo gbọn aṣọ ìwẹ̀ síta,
iyanrìn dà jáde, kò kún ẹ̀kúnwọ́ méjì.
Mo fẹ́ gbá a dànù.
Ọkọ mi ní, "Dúró."
Ó kó o sínú ike,
ó di Ọ̀bà-Ilé.